Ẹ̀rí Rere Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí

Àwọn akọrin wọ aṣọ, wọ́n tò sí ipò wọn, wọ́n ṣí ìwé orin, wọn ò sì kọrin. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n gbé sórí àga ló ń bá wọn kọ ọ́. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú ń pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n ń mi orí, ẹnu wọn sì wà ní pípadé.

Díákónì Bọ́lárìnwá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Abẹ́òkúta ló ti wá láàárọ̀ kùtù. Ó gba Ọ̀dẹ̀dá kọjá, ó tún gun ọ̀kadà wọ inú igbó kó tó dé Abà Ìdí-Ọsàn yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ẹni tó bá ń wádìí pásítọ̀ kì í kéde ara rẹ̀. Ó rí àwọn akọrin tí kò kọrin yẹn, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ní oko nìyẹn.

Nígbà tó yá, Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí gun orí àga ìwàásù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọrùn rẹ̀ gùn, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kún, ó dùn, ó sì ń yí padà. Ó máa ń rọ̀ bíi ti ìyá tó ń rẹ ọmọ, kó tó pẹ́ yóò wúwo bíi ti àgbàlagbà tó ń parí ìjà. Omi bọ́ lójú Bọ́lárìnwá kó tó mọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo ìjọ ló ń sunkún, ó sì rò pé ayọ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ìrètí-Ayọ̀, ní àdúgbò Aké, ti wà láìní pásítọ̀ fún ọdún méjì. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í sì í ṣe ìjọ tí bíṣọ́ọ̀bù yóò ti òkè ránṣẹ́ sí pé ẹ gba lágbájá. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń yan pásítọ̀ fúnra wọn. Wọ́n á gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ á wá ènìyàn, wọ́n á lọ wádìí rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á pè é wá wàásù, gbogbo ìjọ á wá dìbò lé e lórí. Bí ìbò bá gbè é, wọ́n á kọ ìwé ìpè sí i. Ìpè ló ń gbé irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, ìpè láti ìjọ mìíràn ló sì sábà máa ń gbé e jáde.

Bọ́lárìnwá ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ẹni méjì ni wọ́n ti kọ ìwé ìpè sí, àwọn méjèèjì kọ̀ ọ́. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ni ọkùnrin yìí bá dìde ní ìpàdé ìjọ, ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní, "Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, ẹ ó ní pásítọ̀. Bí ẹ ò bá ní, kí ẹ gba ipò díákónì lọ́wọ́ mi." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oṣù kẹta ti ń parí lọ báyìí, Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìn, ó fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn àgbà ìjọ náà lábẹ́ igi ọsàn. Bàbá Ògúnrìndé, tó jẹ́ olórí wọn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó súnmọ́ ọn bíi pé ó fẹ́ sọ àṣírí.

"Ẹ mú un lọ," ni bàbá náà sọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé gbígbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ. "Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́."

"Ohùn yín ti há, sà," ni Bọ́lárìnwá wí. "Ti gbogbo yín."

"Ọyẹ́ ni."

Ọyẹ́ kẹ̀, ní ìparí oṣù kẹta. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn Bọ́lárìnwá bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyàwó Bàbá Ògúnrìndé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé ojú lọ síbòmíràn.

Ó ń rìn lọ sí ibi tí ọ̀kadà ti ń dúró nígbà tí ẹnì kan kí i láti ẹ̀bá ọ̀nà. "Ẹ kú ìrìn o!" Ó ta gìrì. Ìgbà náà ló yé e pé láti òwúrọ̀, yàtọ̀ sí ti pásítọ̀, òun kò tíì gbọ́ odindi ohùn ènìyàn. Ìyá arúgbó kan ló ń bó ẹ̀gẹ́, aṣọ funfun ló ró, ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Ẹfúnkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ìdílé olórìṣà ni wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn?" ni ìyá náà bi í.

"A ṣì ń wádìí ni, mà."

"Kí ẹ wò ó dáadáa. Ìjọ yẹn ń kọrin tẹ́lẹ̀, orin wọn máa ń bá mi lóko. Ọkùnrin yẹn ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kí wọ́n kọrin fún òun gbọ́. Ní abà yìí lónìí, àwa tí kì í lọ síbẹ̀ nìkan la lè pe ọmọ wa láti òkèèrè kó gbọ́."

Bọ́lárìnwá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn án lára díẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí tó mú dání béèrè ẹ̀rí ọmọ ìjọ tó ti ṣe ìrìbọmi, kò béèrè ti olórìṣà, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé ìwé náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo àgbà ìjọ ló jẹ́rìí rere. Kò kọ ti akọrin. Kò kọ ti ọyẹ́.

Bó ṣe ń kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Adérónkẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun nìkan ni Ọlọ́run fún un. Tíṣà ni, òun ló sì máa ń dá orin kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin Ìrètí-Ayọ̀. Ọdún kẹfà nìyí tí ìyá rẹ̀ ti kú, ohùn ìyá yẹn gan-an ló sì wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Bọ́lárìnwá á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á jókòó jẹ́ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀, ohùn yìí nìkan ni kòkòrò kò lè jẹ.

Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí wá wàásù ní Aké. Àwọn obìnrin fi ìborí nu ojú. Nígbà tí wọ́n dìbò, ìwé mẹ́tàlélógóje ni wọ́n ṣí, gbogbo rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni", kò sí "rárá" kan ṣoṣo. Wọ́n ń bọ Bọ́lárìnwá lọ́wọ́. Òun náà lọ bọ ọwọ́ pásítọ̀ tuntun, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, sà. Ọlọ́run yóò bá yín ṣe é." Ọwọ́ náà tutù. Bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀, ó rí i pé ètè pásítọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò. Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí, arúgbó tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú akọrin láti ogójì ọdún. Bọ́lárìnwá ló sin pásítọ̀ lọ. Ní ìta ìjọ, pásítọ̀ kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó jókòó, ó kọ omi, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá, ẹ kọ ẹsẹ orin kan fún mi."

Inú arúgbó dùn. Ó kọ ọ́. Pásítọ̀ di ojú, ètè rẹ̀ ń tẹ̀ lé orin náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, Bọ́lárìnwá rí i pé ètè yẹn kò tẹ̀ lé e mọ́. Ó ti ṣíwájú. Ètè pásítọ̀ ń pe ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ohùn Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà há. Ní ọjọ́ kẹfà, kò kù ju èémí lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí ya ẹnu lórí àga ìwàásù, ohùn ìsàlẹ̀ kan sì jáde tó mì fèrèsé. Ìjọ hó yèè pé agbára tuntun ti bà lé ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà jókòó sáàárín wọn, ó fi ọwọ́ mú ọ̀fun ara rẹ̀, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni Bọ́lárìnwá mọ irú ẹkún tí wọ́n sun ní Abà Ìdí-Ọsàn, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó gbàgbé láti dìde nígbà àdúrà.

Ìyá kan tó máa ń ké halelúyà nínú ìjọ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan tó mọ àkọ́sórí kà. Kí òjò tó mú dáadáa, àwọn tí ohùn wọn lọ ti di mọ́kànlá. Dókítà yẹ ọ̀fun wọn wò, kò rí nǹkan kan. Ìwàásù túbọ̀ ń dùn, èrò túbọ̀ ń wọlé. Alhaja Àlímátù, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti ti Bọ́lárìnwá, bi í lọ́jọ́ kan, "Díákónì, ṣé ìjọ yín ti ń gbààwẹ̀ orin ni? Tẹ́lẹ̀, ẹ kì í jẹ́ ká gbádùn oorun àárọ̀ Sọ́ńdè." Ó rẹ́rìn-ín. Bọ́lárìnwá kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́kọ̀ọ̀kan ni pásítọ̀ ń mú wọn, kò tíì kan Adérónkẹ́. Ó yẹ kó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí kò ní sọ ti Abà Ìdí-Ọsàn, ti ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́, àti ti ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ? Ìtìjú mú un. Ó ní kí Adérónkẹ́ lọ lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìbàdàn.

"Dádì, ta ni yóò máa dáná fún yín?"

"Máa lọ. Màá jẹ búrẹ́dì."

Nígbà tí ọmọ ti lọ, ó ṣe ọkàn gírí. Òfin Onítẹ̀bọmi fi àyè sílẹ̀: ìjọ tó fi ìbò pe pásítọ̀ lè fi ìbò dá a sílẹ̀. Kí ẹnì kan dìde nípàdé ìjọ, kó dá àbá, kí ẹlòmíràn fi ẹnu ara rẹ̀ kín in lẹ́yìn, ìbò ló kù. Ní ìpàdé oṣù kẹjọ, Bọ́lárìnwá dìde. Ó ní, "Mo dá a lábàá pé kí ìjọ tú ìpè Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí ká."

Àwọn tó ní ohùn wò ó bí ẹni wo wèrè. Lẹ́yìn náà Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà dìde, ó nawọ́ sókè, ó la ẹnu. Ìyá tó ń ké halelúyà náà dìde. Gbogbo àwọn mọ́kànlá dìde, ẹnu wọn ṣí, iṣan ọrùn wọn le, ohun kan kò sì jáde.

Pásítọ̀ ni alága ìpàdé. Ó dúró títí, ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fún wọn láyè. Ó wá fi ohùn Bàbá Ọ̀ṣúnṣínà gan-an sọ ọ́ pé, "Àbá tí kò rí ẹni kín in lẹ́yìn ti ṣubú." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́lárìnwá, ó padà sí wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀. "Mi ò tíì bẹ ilé yín wò, Díákónì. Mo wá ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní Adérónkẹ́ rìnrìn àjò. Kò burú. Mo lè dúró."

Alẹ́ ọjọ́ náà, Bọ́lárìnwá kò jẹun. Ó rántí bí Bàbá Ògúnrìndé ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yé e wàyí. Ìpè ló gbé ọkùnrin yìí wá, ìpè nìkan ló lè gbé e lọ. Ó ti gbọ́ pé ìjọ kan lápá Ewékorò ń wá pásítọ̀. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí wọn, ó fi orúkọ Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó lè ní òun kò mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀, ó sì fi ọwọ́ rere kọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àlejò kan jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn ní Ìrètí-Ayọ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó fi ara rẹ̀ hàn: Arákùnrin Ṣólàrú, láti ìjọ Ewékorò yẹn. Eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà létí bàtà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí ọmọ ọdún méje, bá a wá. Ọmọ náà ń fò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ káàkiri ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ orin kan tó fẹnu ara rẹ̀ hun, nípa ewúrẹ́ tó jẹ bàtà bàbá rẹ̀.

"Ìwàásù náà wọ̀ mí lára, sà," ni Ṣólàrú sọ. "Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ohùn àwọn kan nínú yín há."

Òjò ń kán láti ojú òrùlé sí èjìká àwọn méjèèjì. Bọ́lárìnwá ní, "Eruku ni."

Ṣólàrú wo òjò. Ó wo Bọ́lárìnwá. Èmi rò pé bó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá jáde. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, kì í jiyàn pẹ̀lú ẹni tó jù ú lọ. Bọ́lárìnwá súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun tirẹ̀, síbẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Ẹ mú un lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́."

Ọmọdé yẹn ṣì ń kọrin ewúrẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀.

Ìwé ìpè dé ní oṣù kẹwàá, pásítọ̀ sì gbà á. Bọ́lárìnwá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ka ọjọ́: ìsìn ìdágbére ló kù. Adérónkẹ́ ṣì wà ní Ìbàdàn. Ó ti parọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ pé àìsàn ló dá a dúró.

Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Lọ́jọ́ ìdágbére, àwọn ará Ewékorò wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n jókòó sí iwájú, Ṣólàrú àti ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Nígbà tó kan orin ìdágbére, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, Adérónkẹ́ sì wọlé nínú aṣọ akọrin. Ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀ bí ọmọ tó mú ẹ̀bùn wálé. Àwọn akọrin ló ránṣẹ́ pè é. Kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tó tún lè dá orin kọ.

Ó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ Ọ̀ṣunjìmí di ojú.

Bọ́lárìnwá rí ètè rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kígbe lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ náà yóò dákẹ́. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá kígbe, àwọn ará Ewékorò yóò béèrè ìdí, wọ́n á gbé ọkọ̀ wọn lọ lófìfo, ọkùnrin yìí yóò sì máa gbé Aké lọ. Gbogbo ayé á mọ ẹni tó lọ wádìí rẹ̀, tó rí ohun tó rí, tó gbé e pamọ́. Ó di àga iwájú mú. Ẹsẹ márùn-ún ni orin náà. Ní ẹsẹ kẹta, ètè pásítọ̀ ṣíwájú. Bọ́lárìnwá jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣe àmín, àwọn èèyàn ń nu ojú wọn, wọ́n ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹfà, Adérónkẹ́ kò lè kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ káàárọ̀. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọyẹ́ tòótọ́, ẹnì kan fi ohùn ìwàásù láti Ewékorò ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ́lárìnwá. Ó tẹ̀ ẹ́ láìrò ó. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀, orin obìnrin, ó mọ́ gaara bí omi ìkòkò. Láti òdìkejì ògiri, Alhaja Àlímátù ké pé, "Alhamdulillah! Adérónkẹ́ ti ń kọrin! Mo ní yóò padà bọ̀ sípò." Lábẹ́ orin náà, nínú fóònù, ohùn tín-ín-rín mìíràn gbè é, ohùn ọmọ bí ọdún méje.

Adérónkẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lórí àga gígùn. Kò sunkún. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń tẹ̀ lé orin náà, ó ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó parí, ó súnmọ́ bàbá rẹ̀, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀ kó tó lè gbọ́.

"Dádì, nígbà tí ìjọ fẹ́ pè é, ta ni wọ́n rán lọ wádìí rẹ̀?"

Bọ́lárìnwá la ẹnu láti dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ó tún pa ẹnu rẹ̀ dé, ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó.